Ọ̀pá Àṣẹ Tí Ó Ṣẹ́ ní Agodi: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìmọ̀ràn, Fìtínà àti Ìdájọ́ Òdodo

KÚTÚBÀ KÌÍNÍ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn pẹ̀lú onírúurú èrò, tí ó sì fi ìmọ̀ràn ṣe afárá láàrin wọn. A yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allāhu nìkan. A sì jẹ́rìí pé ẹrú Rẹ̀ àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànọ́bì Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábé rẹ̀, títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, a ń gba ara wa àti gbogbo yín ní ìmọ̀ràn pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kì í ṣe ohun orí ẹní ìkírun nìkan. Ó ń bá ènìyàn lọ sí ọjà, ó ń bá a lọ sí ilé ẹjọ́, ó sì ń bá a dé ibi ìdìbò.

Ọ̀rọ̀ wa ní Jímọ̀ òní dá lórí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìlú nígbà tí a bá fi ipá wọ ilé tí a kọ́ fún ìmọ̀ràn. Ìdí tí a fi yàn án kò fara sin. Àkókò ìdìbò kì í jìnnà sí wa ní ilẹ̀ yìí, bí ó bá sì ti ń sún mọ́ ilé ni àwọn tí ń kó ọ̀dọ́ jọ máa ń rìn kiri àdúgbò, láti Oníyanrìn dé Bẹẹrẹ, láti Bẹ́yẹrúnkà dé Ọjà'ba. Ọmọ wa ni wọ́n ń wá. Kí a tó jẹ́ kí wọ́n mú un lọ, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ojú Ìbàdàn ti rí rí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Agodi

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn wà ní Agodi, kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Ní ọdún 1959, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kúrò ní ipò Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn láti lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó, níbi tí ó ti di olórí àwọn alátakò. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni ó gba ipò náà. Ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì, Action Group, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Kò pẹ́ tí aáwọ̀ fi bẹ́ sílẹ̀: ta ni ó láṣẹ jù, olórí ẹgbẹ́ ni tàbí olórí ìjọba? Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹgbẹ́ bá àwọn tí ń ṣe ìjọba àpapọ̀ dọ́wọ́ pọ̀, tàbí kí ó dúró gẹ́gẹ́ bí alátakò? Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣe ìpàdé ńlá ní Jos ní oṣù Kejì ọdún 1962, ìyapa náà hàn sí gbogbo ayé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, Gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ Olóyè Akíntọ́lá ní ipò. Ìwé tí àwọn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aṣòfin fọwọ́ sí ni ó dúró lé. Ó sì fi Alhaji Dáúdà Adégbẹnró sí ipò náà. Olóyè Akíntọ́lá kò gbà. Ó ní inú ilé ìgbìmọ̀ nìkan ni a ti lè fi ìbò hàn pé àwọn aṣòfin kò fẹ́ òun mọ́, kì í ṣe inú ìwé. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ilé ìgbìmọ̀ pé jọ láti dìbò lórí ìjọba tuntun. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ náà. Kò pẹ́ tí ìjókòó bẹ̀rẹ̀ ni aṣòfin kan fò sókè tí ó ń pariwo pé iná ń jó. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Wọ́n já ọ̀pá àṣẹ gbà, wọ́n fẹ́ fi la orí Abẹnugan, ọmọ ọba Adélékè Adédoyin. Ọ̀pá náà tàsé orí rẹ̀, ó bá tábìlì, ó sì ṣẹ́. Àwọn ọlọ́pàá wọlé, wọ́n yin tajútajú, wọ́n lé gbogbo aṣòfin jáde. Nígbà tí wọ́n tún padà jókòó, ìjà náà tún bẹ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá tún yin tajútajú, wọ́n sì ti ilé pa. Ìbò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pé jọ, wọn kò dì í.

A mọ orúkọ àwọn tí ó gbé àga àti ẹni tí ó gbé ọ̀pá. A kò ní í dárúkọ wọn lórí mínbárì yìí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa bú òkú, nítorí wọ́n ti dé ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà. Ẹ̀kọ́ ni a ń wá, a kò wá ẹni tí a óò bú. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ ọ́ di ìjà ẹ̀sìn: Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni ó wà ní ìhà méjèèjì. Yorùbá bá Yorùbá jà, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà bá ara wọn jà, nínú ilé tí àwọn fúnra wọn ṣe òfin rẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀lé e

Bóyá ìjà wákàtí díẹ̀ ni àwọn tí ó gbé àga rò pé àwọn ń jà. Ẹ wo bí ó ti gùn tó.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó kéde òfin pàjáwìrì lórí Ìwọ̀ Oòrùn. Wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n gbé e fún Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí. Wọ́n fi òfin dá àwọn olórí ìhà méjèèjì dúró sí ojú kan. Ẹni tí ó ní àwọn tí ó pọ̀ jù lẹ́yìn pàdánù, ẹni tí kò ní wọn náà pàdánù ní ọjọ́ yẹn. Àlejò ni ó jókòó sórí àga tí wọ́n ń jà sí.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1963, Olóyè Akíntọ́lá padà sórí oyè láìsí ìdìbò kankan láàrin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ òpin ẹjọ́ fún ilẹ̀ wa nígbà náà, dájọ́ pé Gómìnà kò ṣe ohun tí ó lòdì sí òfin nígbà tí ó yọ Olóyè Akíntọ́lá. Alhaji Adégbẹnró jàre. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn tí ó wà lórí àga ṣe? Wọ́n yí òfin Ìwọ̀ Oòrùn padà, wọ́n sì jẹ́ kí àyípadà náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ìdájọ́ náà má baà lè mú ohunkóhun ṣẹ. Ẹni tí ó jàre kò rí nǹkan gbà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963 kan náà, wọ́n fi Olóyè Awólọ́wọ̀ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ fi ipá gba ìjọba.

Ẹ̀yin olùgbàgbọ́ òdodo, ibí yìí ni kí a ti dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ọjọ́ tí àga fò ni ọjọ́ tí ìlú bàjẹ́. Ọjọ́ méjì ni. Ọjọ́ kìíní ni ọjọ́ tí a fi ipá dá ìmọ̀ràn dúró. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ tí a fi òfin dí ọ̀nà ìdájọ́. Ìpalára ọjọ́ kìíní ṣì ní oògùn, nítorí ilé ẹjọ́ wà. Nígbà tí ọjọ́ kejì dé, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò sí ibi tí a lè gbé ẹjọ́ lọ mọ́. Ìlú tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ọjà, ẹ̀tù ìbọn ni ó jókòó lé.

Iná sì ràn. Lẹ́yìn ìdìbò Ìwọ̀ Oòrùn ti ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé wọ́n yí èsì rẹ̀ po, ìlú gbóná. Àkókò yẹn ni a ń pè ní Wẹ́tìẹ: wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti sí ara ènìyàn, wọ́n sì ń sáná sí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba. Wọ́n pa Olóyè Akíntọ́lá níhìn-ín ní Ìbàdàn. Wọ́n pa Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, Olórí Ìjọba àpapọ̀, àti Sardauna Ahmadu Bello ní Kaduna. Ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn ọmọ ogun tún wá sí ilé ìjọba ní Ìbàdàn, wọ́n mú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi àti Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì tí ó gbà á lálejò, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1967, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ó sì di ọdún 1970 kí ó tó parí. Ọdún 1979 ni àwọn ológun tó gbé ìjọba fún alágbádá.

A kò sọ pé ọ̀pá kan tí ó ṣẹ́ ni ó fa gbogbo èyí. Ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀, àwọn tí ó dá a náà sì pọ̀, ní Ìwọ̀ Oòrùn àti ní ìta rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ilẹ̀kùn kan ṣí ní Agodi ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tí ó lè tì í mọ́. Ọlọ́hun ti kìlọ̀ fún wa nínú Súrà Al-Anfāl, ẹsẹ 25, pé kí a ṣọ́ra fún fìtínà tí kì í mọ sí ọ̀dọ̀ alábòsí nìkan nígbà tí ó bá dé. Ìyá tí ilé rẹ̀ jó ní àsìkò Wẹ́tìẹ kò fọwọ́ sí ìwé kankan, kò sì gbé àga kankan.

Ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa ìmọ̀ràn

Súrà kan wà nínú Alùkùránì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìmọ̀ràn, ìyẹn Ash-Shūrā. Nínú ẹsẹ 38 rẹ̀, Ọlọ́hun ń ka ìwà àwọn olùgbàgbọ́ òdodo: wọ́n ń dá ìrun, wọ́n ń jíròrò láàrin ara wọn lórí ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n sì ń ná nínú ohun tí a fi pèsè fún wọn. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí a fi ìmọ̀ràn sí. Àárín ìrun kíkí àti ìnáwó fún Ọlọ́hun ni ó wà. Ẹni tí kò jẹ́ da ìrun ẹlòmíràn rú, kí ni ó mú un da ìmọ̀ràn ìlú rú?

Bí ìmọ̀ràn bá sì yọrí sí ohun tí a kò fẹ́ ńkọ́? Ẹ rántí Uhud. Ìfẹ́ ọkàn Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni kí wọ́n dúró sí Mọ̀dínà kí wọ́n sì dáàbò bo ìlú láti inú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sàhábé, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, fẹ́ jáde. Ó tẹ̀lé ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n jáde, ojú wọn rí màbo, àádọ́rin sàhábé sì kú sí ojú ogun náà. Bí ó bá jẹ́ àwa ni, a óò sọ pé láti òní lọ kò sí ìmọ̀ràn mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Uhud gan-an ni Ọlọ́hun sọ ẹsẹ 159 inú Súrà Āli 'Imrān kalẹ̀, tí Ó pàṣẹ fún Ànọ́bì pé kí ó ṣe àmójúkúrò fún wọn, kí ó tọrọ àforíjìn fún wọn, kí ó sì tún máa bá wọn jíròrò. Nítorí náà, ẹni tí ìbò kò gbè, tí ìmọ̀ràn kò sì gbè, kò ní ẹ̀tọ́ láti wó ilé tí a ti ń gbà á.

Àwọn tí ó ṣáájú wa náà tọ́ ìyà fífi ipá kọlu àṣẹ wò. Ní ọdún 35 lẹ́yìn Híjírà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ká ilé Sàyídínà Uthman mọ́ Mọ̀dínà. Wọ́n ní àwọn ní ẹ̀sùn. Àwọn sàhábé fẹ́ jà fún un, ó kọ̀ kí a ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí òun. Wọ́n wọlé, wọ́n pa á. Kò pé ọdún kan tí ogun Jamal fi dé láàrin Mùsùlùmí àti Mùsùlùmí, Siffin sì tẹ̀lé e. Ìyapa tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé yẹn kò tíì parí títí di òní. Bí àwọn tí wọ́n rí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun lójú kò bá bọ́ nínú irú fìtínà bẹ́ẹ̀, ta ni àwa?

Kì í ṣe ohun àtijọ́ nìkan

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn jàǹdùkú wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Abuja nígbà tí ìjókòó ń lọ lọ́wọ́, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ lọ. Ọjọ́ kejì ni ọlọ́pàá rí i lábẹ́ afárá. Ní Burkina Faso, wọ́n dáná sun ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, nígbà tí Ààrẹ Blaise Compaoré fẹ́ yí òfin padà kí ó lè pẹ́ sí i lórí àga. Ó fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ní ọdún 2022 nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ológun gba ìjọba níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ń wò bí àwòkọ́ṣe, àwọn alátìlẹyìn Ààrẹ Donald Trump ya wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ń ka ìbò. Ó ju 1,500 ènìyàn lọ tí a gbé lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí ó padà sórí àga ní ọdún 2025, ó dárí jì wọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Títí di òní, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tíì fi ohùn kan sọ ohun tí ojú wọn rí.

A ń sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, ìbéèrè kan kù tí a kò gbọdọ̀ sá fún. Ẹnìkan lè sọ pé: ẹ ní kí a má jà, ṣùgbọ́n ẹ fúnra yín sọ pé ẹni tí ó jàre ní ọdún 1963 kò rí nǹkan gbà. Kí ni ẹni tí a rẹ́ jẹ yóò ṣe?

Ìdáhùn wa ni pé sùúrù kì í ṣe dídákẹ́. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, ìbáà ṣe alábòsí, ìbáà ṣe ẹni tí a bò sí. Nígbà tí wọ́n bi í bí a ti ń ran alábòsí lọ́wọ́, ó ní kí a dá a dúró níbi àbòsí rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Ẹlẹ́gbẹ́ ẹni ni a kọ́kọ́ ń dá dúró. Bí àwọn tí ó jókòó ti Olóyè Akíntọ́lá ní ọdún 1963 bá ti sọ fún un pé a kì í fi òfin tuntun gba ẹjọ́ tí a ti dá, bí àwọn tí ó wà ní ìhà kejì bá ti sọ fún àwọn ọmọ tiwọn pé a kì í fi epo bẹntiróòlù wá ẹ̀tọ́, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ọ̀tá kò lè bá wa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a gbọ́. Ará ilé ni ó lè sọ ọ́. Súrà An-Nisā', ẹsẹ 135, pa á láṣẹ pé kí a dúró ti òdodo, kódà bí ó bá ta ko àwa fúnra wa, òbí wa tàbí ẹbí wa. Àwọn àgbà wa náà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nítorí náà, a ní ọ̀rọ̀ fún ìsọ̀rí mẹ́rin.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹni tí ó fún yín ní owó, ọtí àti àdá, ẹ bi í pé níbo ni ọmọ tirẹ̀ wà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ fún wa pé ẹni tí ó tòṣì jù ní ọjọ́ ìdájọ́ ni ẹni tí ó kó ìrun àti ààwẹ̀ wá, ṣùgbọ́n tí ó ti bú ènìyàn, tí ó ti jẹ owó ènìyàn, tí ó ti ta ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀. Wọn yóò pín iṣẹ́ rere rẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀. Bí ó bá tán, wọn yóò di ẹ̀ṣẹ̀ wọn rù ú. Ó tún kìlọ̀ pé bí Mùsùlùmí méjì bá fi idà kojú ara wọn, apànìyàn àti ẹni tí a pa ni iná ń dúró dè, nítorí ẹni tí a pa náà ti pinnu láti pa ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí. Ọmọ tí ó gbé owó tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ wálé, ẹ má ṣe fi rajà kí ẹ tó béèrè. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ má sì ta káàdì ìdìbò yín. Ohun ìfọkàntán ni, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì ṣẹ́bi lé ẹni tí ó fúnni ní rìbá àti ẹni tí ó gbà á.

Ẹ̀yin olóṣèlú tí ẹ ń kírun pẹ̀lú wa. Bí ìbò kò bá gbè yín, ẹ gba ilé ẹjọ́ lọ. Bí ilé ẹjọ́ bá dá yín láre, ẹ dúpẹ́. Bí ó bá dá ẹlòmíràn láre, ẹ má ṣe yí òfin nítorí rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ní oṣù Kìíní ọdún 2006, apá kan nínú àwọn aṣòfin yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà. Kí ọdún náà tó parí, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá a padà sórí àga, ó sì padà. Ìdájọ́ tí a bọ̀wọ̀ fún lè paná tí tajútajú kò lè pa.

Ẹ̀yin alfa. Àdúà fún olóṣèlú kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bẹ̀ wá kí a ṣàdúà kí òun lè fi ipá borí, kí a mọ̀ pé alájọpín nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá ṣe àmín sí i. Kí a sì tẹ̀lé Súrà Al-Ḥujurāt, tí ó ní kí a wádìí ìròyìn kí a tó gbà á gbọ́ ní ẹsẹ 6, tí ó sì ní kí a fi òdodo parí ìjà láàrin olùgbàgbọ́ méjì ní ẹsẹ 9. Ìwé ìkéde àti fọ́nrán orí fóònù kò yọ sílẹ̀ nínú òfin yìí.

ÀDÚÀ

Ọlọ́hun, Ìwọ ni Àlàáfíà, ọ̀dọ̀ Rẹ ni àlàáfíà ti ń wá. Ṣọ́ Ìbàdàn fún wa, ṣọ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣọ́ Nàìjíríà. Dáríjì àwọn tí ó ti lọ nínú àwọn olùgbàgbọ́, èyí tí ó jàre àti èyí tí ó jẹ̀bi. Má ṣe sọ ọmọ wa di igi ìdáná fún ìjà ẹlòmíràn. Fún àwọn aṣòfin wa ní ọkàn tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀, fún àwọn adájọ́ wa ní ọkàn tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni bí kò ṣe Ìwọ. Bí a bá borí, má ṣe jẹ́ kí a rẹ́ni jẹ. Bí a bá pàdánù, má ṣe jẹ́ kí a wó ilé. Fún wa ní rere ní ayé, fún wa ní rere ní ọ̀run, kí O sì là wá níbi ìyà iná.

Àmín. Ẹ dìde fún ìrun, kí Ọlọ́hun ṣàánú yín.